Dírayà tó mọ ìgbà tí aṣọ gbẹ: ohun tó yẹ ká wò ká tó rà á

Bọ́tìnì méjì ló máa ń rú àwọn tó fẹ́ ra dírayà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, lójú jù. Ọ̀kan ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà yóò ṣe gbóná tó. Èkejì ń sọ bí aṣọ yóò ṣe gbẹ tó kí ẹ̀rọ tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nǹkan kan náà ni méjèèjì, nítorí náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ kí aṣọ gbẹ dáadáa, wọ́n á gbé ooru lọ sókè pátápátá. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni owó iná ti ń ṣòfò. Ọ̀rọ̀ irú aṣọ tó wà nínú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀rọ̀ omi tó kù lára aṣọ ni ọ̀rọ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ dírayà tó yẹ kó rà.

Ìṣẹ́jú ìkẹyìn ló ń ba aṣọ jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo aṣọ ìnura kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ ìfọṣọ jáde. Bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti fún un, omi tó kù lára rẹ̀ ṣì lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú dírayà, afẹ́fẹ́ gbígbóná á wọ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn àgbá tó ń yí aṣọ nínú ẹ̀rọ náà, omi á máa di oru, oru á sì máa bá afẹ́fẹ́ jáde. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára aṣọ, aṣọ náà kì í gbóná tó afẹ́fẹ́ tó yí i ká, nítorí pé omi tó ń di oru ń gbé ooru lọ. Ohun kan náà ló ń mú kí ara wa tutù nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí òógùn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lè gbóná tó 65°C, kí aṣọ ìnura yìí má sì gbóná ju omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.

Nígbà tí omi bá tán, kò sí ohun tó ń gba ooru náà lọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aṣọ á gbóná bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí, tí aṣọ ti gbẹ tí ẹ̀rọ ṣì ń yí i, ló ń ṣe aṣọ níbi ju gbogbo wákàtí tó ṣáájú lọ. Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Kọ́tìnì á súnkì, á sì le gbagidi. Pọ́líẹ́sítà á máa lẹ̀ mọ́ra, á máa ta fínfín nígbà tí ẹ bá ń yà á sọ́tọ̀. Ìhùùhù tó ń kún asẹ́ ẹ̀rọ náà kì í ṣe ìdọ̀tí, òwú tó já kúrò lára aṣọ yín ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òwú, ìyẹn kọ́tìnì, ní omi tirẹ̀ tó máa ń gbé mọ́ra. Nínú yàrá tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, 100 gíráàmù òwú ń gbé nǹkan bí gíráàmù 7 tàbí 8 omi, ọwọ́ ò sì ní mọ̀ ọ́n ní tútù. Wúùlù ń gbé tó 16. Pọ́líẹ́sítà kò gbé tó 1. Bí dírayà bá lé omi àdánidá yìí jáde kúrò lára òwú, òwú á tún fà á padà láti inú afẹ́fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òfò pátápátá ni iná tí a fi lé e jáde.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra dírayà bi ara rẹ̀ ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ìbéèrè bó ṣe ń gbóná tó lè tẹ̀ lé e.

Ta ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé aṣọ ti gbẹ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni dírayà ń gbà mọ̀ ọ́n, wọn ò sì dọ́gba rárá.

Aago ni àkọ́kọ́. Ẹ ní kó ṣiṣẹ́ fún 60 ìṣẹ́jú, ó ń yí fún 60 ìṣẹ́jú, ìbáà jẹ́ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí jíǹsì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ó dára fún ìrọ̀rí tàbí nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ ń ṣọ́. Kò dára fún aṣọ ojoojúmọ́.

Èkejì ń wo bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe gbóná tó. Nígbà tí omi bá ṣì pọ̀ lára aṣọ, afẹ́fẹ́ ń jáde láìgbóná púpọ̀. Bí omi ṣe ń tán ló ń gbóná sí i, tí tẹmọ́sítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru, á fi já iná kúrò lára irin tó ń gbóná. Nínú àwọn ẹ̀rọ oní-kọ́kọ́rọ́ yíyí, aago kì í rìn rárá nígbà tí irin náà bá ń gbóná. Ìgbà tí tẹmọ́sítáàtì bá já iná nìkan ló ń sún síwájú. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ náà fi lè dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, tí ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ọgbọ́n tó mọ́ná ni, àmọ́ ìméfò ni: ó ń fi ooru méfò omi. Bí yàrá bá tutù jù, tàbí tí páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ jáde bá dí, ìméfò rẹ̀ á ṣì.

Ẹ̀kẹta ló ń fọwọ́ kan aṣọ gan-an. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n jìnnà díẹ̀ síra wọn, iná kékeré tí kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan sì wà lára wọn. Omi tó wà lára aṣọ ní iyọ̀ àti èròjà mìíràn nínú, nítorí náà iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí aṣọ tútù bá ṣubú lé irin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì, ẹ̀rọ á sì kà á. Bí aṣọ ṣe ń gbẹ, iná tó ń kọjá á máa dín kù, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí. Èyí ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin tòótọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé "auto" ni wọ́n sábà máa ń kọ sára èkejì àti ẹ̀kẹta. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ara páálí gbọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo etí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ láti inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí asẹ́ wà. Ẹ ó rí irin dídán méjì tó gùn tó ìka ọwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ bá bí dúrọ́ọ̀mù ṣe rí, tí ike sì wà láàárín wọn. Ẹ fi ìka kàn án. Ó máa ń yọrí díẹ̀ kí aṣọ lè máa gbá a. Àwọn ẹ̀rọ kan gbé tiwọn sí ara àwọn apá tó ń gbé aṣọ sókè nínú dúrọ́ọ̀mù, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i lẹ́nu, ẹ wá a nínú ìwé ìlò rẹ̀. Bí ìwé náà bá sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń nu irin sẹ́ńsọ̀, ó ní i nìyẹn. Bí kò bá sọ ọ́ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìméfò lẹ fẹ́ fi owó rà.

Lórí bọ́tìnì gbígbẹ, ẹ ó máa rí ìpele mẹ́ta ó kéré tán: èyí tó fi ọ̀rinrin díẹ̀ sílẹ̀ fún áyọ́ọ̀nù, èyí tó gbẹ débi tí a lè ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àti èyí tó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà ìdánwò IEC 61121 tí àwọn tó ń ṣe dírayà ń tẹ̀ lé, ìpele áyọ́ọ̀nù jẹ́ kí 12% omi kù lára kọ́tìnì, ìpele kọ́bọ́ọ̀dù sì jẹ́ 0%. Ibi tí òwú bá ti gbé omi àdánidá rẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 0% yẹn. Fún ọ̀pọ̀ aṣọ, ìpele kọ́bọ́ọ̀dù ló tó. Ẹ fi ìpele tó ga jù sílẹ̀ fún aṣọ ìnura tó nípọn àti jíǹsì tí ìránpọ̀ ìbàdí rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Ohun tó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ

Sẹ́ńsọ̀ kì í ríran. Aṣọ tó bá kàn án nìkan ló mọ̀, ohun tó ń ṣì í lọ́nà sì ti ibẹ̀ wá.

Aṣọ tó kéré jù ni ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù. Bí ẹ bá ju ẹ̀wù méjì péré sínú dúrọ́ọ̀mù ńlá, wọ́n lè máa fò kọjá láìkan irin náà. Ẹ̀rọ á rò pé aṣọ ti gbẹ, á dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, aṣọ á ṣì tutù. Ẹ fi aṣọ ìnura kan tàbí méjì tó lómi bíi tiwọn kún un.

Bẹ́díṣíìtì ńlá ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó máa ń ká ara rẹ̀ di bọ́ọ̀lù, á sì gbé ìbọ̀sẹ̀ àti ẹ̀wù kékeré mì sínú. Ìta bọ́ọ̀lù náà á gbẹ, òun ló ń kan sẹ́ńsọ̀. Inú rẹ̀ á ṣì rin. Ẹ má ṣe kó ju bẹ́díṣíìtì méjì sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì kó nǹkan kékeré mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀rọ tó lè yí dúrọ́ọ̀mù síwá-sẹ́yìn ń dín ìṣòro yìí kù gan-an, mo sì gbà pé ó tọ́ kí ènìyàn san owó díẹ̀ lé e nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá kó pọ́líẹ́sítà pọ̀ mọ́ jíǹsì, ẹ rántí iye omi tí a sọ lókè. Pọ́líẹ́sítà á ti gbẹ tipẹ́ nígbà tí jíǹsì bá ṣì ń rin. Ẹ̀rọ á máa yí nítorí jíǹsì, pọ́líẹ́sítà á sì máa jìyà rẹ̀. Bí aṣọ ṣe nípọn tó ló yẹ ká fi ṣà wọ́n, kì í ṣe àwọ̀ wọn. Nínú ìfọṣọ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà.

Ẹlòmíràn á ra ẹ̀rọ tuntun, kò ní pé ọdún kan tí yóò fi máa sọ pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú. Kò kú. Bébà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń jù sínú dírayà kí aṣọ lè rọ̀ ló fi ọ̀rá bo irin náà. Ọ̀rá yìí kì í hàn sójú, ṣùgbọ́n iná kì í gbà á kọjá dáadáa, ẹ̀rọ á sì máa dúró kí àsìkò tó tó. Ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ kan sínú sípíríìtì tàbí fínígà funfun, kí ẹ fi nu irin méjèèjì dáadáa nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó. Ẹ má lo ohun tó ń ha nǹkan. Ọ̀rá kan náà ń dí ojú asẹ́: ẹ gbé asẹ́ náà sábẹ́ omi, bí omi bá dúró lójú rẹ̀ tí kò ṣàn kọjá, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Omi tí ẹ fi fọ aṣọ náà ní ipa tirẹ̀. Bí èròjà inú rẹ̀ bá kéré gan-an, iná kì í gbà á kọjá dáadáa, ẹ̀rọ á sì tètè rò pé aṣọ gbẹ. Àwọn dírayà kan ní ètò kan nínú tí a fi lè sún ibi tí wọ́n ti ń ka aṣọ sí gbígbẹ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí gbogbo aṣọ yín bá ń jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin lẹ́yìn tí ẹ ti nu irin náà, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ooru: mélòó ló tó?

Ìwọ̀n ooru yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ooru gíga sábà máa ń kọjá 57°C, ooru díẹ̀ sì máa ń wà ní àyíká 50°C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká wá ni ìpele mẹ́ta ooru, pẹ̀lú ìkẹrin tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán láìsí ooru. Èyí tó kẹ́yìn yìí wúlò fún nǹkan tí a kàn fẹ́ gbọn eruku kúrò lára rẹ̀.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ń sọ èyí tó yẹ ẹ́. Lára àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀, ẹ wá àwòrán onígun mẹ́rin tí róbótó kan wà nínú rẹ̀. Tóótó kan láàárín róbótó náà túmọ̀ sí ooru díẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò gbọ́dọ̀ kọjá 60°C. Tóótó méjì jẹ́ ooru tó wọ́pọ̀, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 80°C. Bí wọ́n bá fa ilà àgbélébùú kọjá lórí rẹ̀, ẹ má gbé aṣọ náà dé ibẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín nípa ooru díẹ̀ ni pé kì í fi aṣọ sílẹ̀ ní tútù. Ó kàn máa ń pẹ́ jù ni. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ooru díẹ̀ àti ooru gíga máa dé ibi gbígbẹ kan náà. Nítorí náà, ooru díẹ̀ ni kí ẹ fi sí aṣọ tó ní rọ́bà àti aṣọ ìṣeré, ooru àárín fún aṣọ ojoojúmọ́, kí ooru gíga wà fún aṣọ ìnura àti bẹ́díṣíìtì kọ́tìnì.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìpele ooru kankan kò yẹ: fóòmù, ohun tó ní rọ́bà lẹ́yìn, àti aṣọ tí òróró, epo pẹtiróòlù tàbí ọ̀dà ti dà sí. Òróró tó kù lára aṣọ gbígbóná tí a kó jọ lè máa gbóná sí i fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, kódà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ dá ẹ̀rọ dúró kó tó parí ìṣẹ́jú ìtutù tó máa ń ṣe ní ìkẹyìn. Bó bá di dandan kí ẹ dá a dúró, ẹ kó gbogbo aṣọ jáde kíákíá, kí ẹ sì tẹ́ wọn kí ooru lè jáde.

Irú ẹ̀rọ wo?

Èyí tó ń fi páìpù tú afẹ́fẹ́ síta rọrùn, ó yára, owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà síta. Kí páìpù náà fẹ̀ tó nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà, kó jẹ́ irin dídán nínú, kó kúrú, kí ìgbúnwọ́ rẹ̀ má pọ̀. Ẹ má lo páìpù ike, ẹ má fi ìdè tí orí rẹ̀ yọ sínú dè é, ẹ má sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ níta, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìhùùhù máa ń so mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, USFA, fi hàn pé láàárín 2008 sí 2010, nǹkan bí 2,900 iná ilé ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ara dírayà lọ́dọọdún, àìmáa-nu ẹ̀rọ náà sì ni olórí ohun tó ń fà á. Bí aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlọ́po méjì àsìkò kó tó gbẹ, ẹ má wo sẹ́ńsọ̀ kọ́kọ́. Ẹ wo páìpù.

Kọ́ńdẹ́ńsà kò nílò páìpù. Ó ń mú oru padà di omi sínú àgbá kékeré kan tí ẹ gbọ́dọ̀ máa dànù. Iná tó ń jẹ pọ̀, ó sì máa ń mú yàrá gbóná.

Heat pump ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì: ooru tó bá gbà padà lára oru ló tún ń lò láti gbẹ aṣọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Aṣọ kílò 5 tí omi ara rẹ̀ jẹ́ 60% gbé lítà 3 omi. Kí lítà omi kan tó di oru, ó ń gba ooru tó tó yúnìtì iná 0.63, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń da ooru nù kò lè lo ohun tó kéré sí yúnìtì 1.9, ní ti gidi ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Heat pump lè lo ìdajì ohun tí àwọn yòókù ń lò, nítorí kì í da ooru náà nù. Irin tó ń gbóná nínú àwọn yòókù sábà máa ń fa 2,000 wáàtì sókè. Heat pump kì í sábà kọjá 1,000. Ooru rẹ̀ kéré, ó sì rọ aṣọ lọ́rùn, nítorí náà bọ́tìnì ooru kò jẹ́ nǹkan bàbàrà lára rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wọ́n, aṣọ tó kún un lè gbà á tó wákàtí mẹ́ta, kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó tutù gan-an. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, kó dúró lóòró fún wákàtí díẹ̀, bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ tó tanná sí i, kí òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè padà sípò. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, òfin ti le débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ heat pump nìkan ni dírayà tuntun tó lè wọ ọjà.

Irú èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún aṣọ dáadáa kó tó dé ibẹ̀. Bí sípíìnì tó lágbára bá sọ 60% di 50%, ìdajì lítà omi ti kúrò lára kílò 5 aṣọ yẹn, iná tó sì fi ṣe é kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí dírayà ì bá jẹ.

Ní ti títóbi, kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ jẹ́ ti kọ́tìnì. Fún pọ́líẹ́sítà, ẹ ka ìdajì rẹ̀. Bí dírayà bá kéré sí ẹ̀rọ ìfọṣọ yín, aṣọ á há, afẹ́fẹ́ kò ní ráàyè kọjá, á sì rún.

Bí ẹ ṣe lè dán sẹ́ńsọ̀ wò nílé

Ìdánwò kan wà tí kì í purọ́, ìwọ̀n lásán ló sì gbà. Ẹ mú aṣọ kọ́tìnì tó tó kílò 3, tó ti wà nínú yàrá fún ọjọ́ kan. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi dírayà gbẹ ẹ́ ní ìpele kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní kété tó bá jáde. Bó bá fi 100 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo ju ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ń tètè dúró jù: ẹ nu irin sẹ́ńsọ̀, kí ẹ tún un dán wò. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ó péye. Bó bá fi 150 gíráàmù fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́, omi àdánidá òwú ló ti ń lé jáde yẹn, nítorí gbogbo omi náà nínú kílò 3 kò ju nǹkan bí 200 gíráàmù lọ. Ẹ sún ìpele gbígbẹ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ooru sílẹ̀ síbi tó wà.